Àpótí Ìwé Ilẹ̀ Àwọn Mọ́ńkì Cluny, àti Ohun Tí Ó Ń Bi Wá Léèrè

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa

 

Nígbà tí Akọ̀wé wa wá bá mi pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn ilẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Àwọn Ìjòyè tí ó jókòó níwájú mi yìí ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí èmi, olùkọ́ lásán, bá sì dìde láti kọ́ wọn ní àṣà ilẹ̀ baba wọn, n óò dà bí ọmọ tí ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní ọbẹ̀ sísè. Nítorí náà ni mo ṣe yàn láti gba ọ̀nà jíjìn. Mo fẹ́ mú yín lọ sí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, Cluny ni orúkọ rẹ̀, ní agbègbè Burgundy, kí a jọ ṣí àpótí ìwé ilẹ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan, kí a sì wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá padà délé, a óò rí i bí ìrìn náà bá lérè.

Bóyá ẹnì kan yóò bèèrè pé: kí ni ó kan àlùfáà tí kì í ṣe Àgùdà nínú ìwé àwọn Àgùdà? Èsì mi kò gùn. Gbogbo ìjọ tí ó wọ ilẹ̀ yìí, ti Àgùdà àti tiwa, ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa kí ó tó kọ́ ilé-ìwé tàbí ilé àdúrà kankan. Ìbéèrè tí mo bá wá lónìí kan gbogbo wa: nígbà tí àwọn baba wa na ọwọ́ tí wọ́n sì wí pé, "Ẹ gba ibí yìí," ṣé wọ́n ta á ni, ṣé wọ́n fi tọrẹ ni, tàbí wọ́n kàn yá wọn lò?

Àwọn mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kì yóò gbéyàwó, pé àwọn kì yóò ní ohun ìní ti ara wọn, àti pé àwọn yóò máa gbọ́ ti olórí ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní Ábọ́tì. Ìlànà Benedict Mímọ́ ni àwọn ti Cluny ń tẹ̀lé. Ẹ kíyèsí ohun kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹ̀kún ọwọ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ wá ní oko, igbó, ọgbà àjàrà àti abúlé lọ súà. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nínú ilé tiwa pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó lè dìde kí ó wí pé ilẹ̀ ẹbí di ti òun nìkan. Síbẹ̀ ẹbí ní ilẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ nínú àpótí náà ni ti Dúùkù William ti Aquitaine, ẹni tí wọ́n pè ní Olùfọkànsìn. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsán, ọdún 910, ni a sábà ń kà á sí, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wí pé 909 ni; ìlú Bourges ni wọ́n sì ti kọ ọ́. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń pa, pé nígbà tí Berno, ẹni tí ó di Ábọ́tì kìíní, tọrọ Cluny lọ́wọ́ Dúùkù, Dúùkù dáhùn pé ibẹ̀ kọ́, nítorí ibẹ̀ ni òun ń kó ajá òun lọ ṣe ọdẹ. Berno sì bi í pé, ní ọjọ́ ìdájọ́, èwo ni yóò ṣe é láǹfààní jù, gbígbó ajá ni tàbí àdúrà àwọn mọ́ńkì? Dúùkù kó ajá rẹ̀ kúrò.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé náà wà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti tò ó. Ó kọ́kọ́ sọ ìdí tí ó fi ń fúnni, èyí tí í ṣe ìgbàlà ọkàn. Ó dárúkọ ẹni tí ó ń fún, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, àwọn Àpósítélì mímọ́. Lẹ́yìn náà ni ó to ohun tí ó fi fúnni: ilé ńlá, abúlé, ilé àdúrà, ọgbà àjàrà, pápá, igbó, omi, ọlọ tí omi ń yí, ilẹ̀ tí a ti ro àti èyí tí a kò tí ì ro. Láàrin àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ka àwọn ẹrú lọ́kùnrin àti lóbìnrin mọ́ ọn. Èmi kò fẹ́ fo gbólóhùn yìí kọjá. Àwọn ènìyàn ń bẹ lórí ilẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè. A gbé wọn láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí a ti gbé ọlọ. Ìwé ilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí lẹ́nu àwọn tí wọ́n kọ ọ́.

Dúùkù kò fúnni ní orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Ingelberga aya rẹ̀ jẹ́ alájọfúnni pẹ̀lú rẹ̀. Ó dárúkọ ọba tí ó ti sìn, baba rẹ̀, ìyá rẹ̀, àwọn arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ó sì dárúkọ Ava arábìnrin rẹ̀ ní pàtàkì, ó jẹ́wọ́ pé òun ni ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Ìwé mìíràn tí wọ́n kọ ní 893 jẹ́rìí sí èyí. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin alágbára yìí, tí ó ní ọmọ ogun, kò tijú láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ayé gbọ́ pé ọwọ́ obìnrin ni òun ti gba ilẹ̀ tí òun fi tọrẹ.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Èkíní, ó ní àwọn mọ́ńkì yóò bọ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ìbátan òun, àti lọ́wọ́ ọba pẹ̀lú. Bí Berno bá sì kú, àwọn fúnra wọn ni yóò yan olórí wọn. Èkejì, ní ọdún márùn-ún márùn-ún, wọn yóò san owó 10 solidi fún Róòmù, kí a fi tan iná sí ilé àwọn Àpósítélì. Owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe iye ohun tí a mú wá ni ó ṣe pàtàkì. Ohun tí a ń fi hàn ni pé a kò gbàgbé ẹni tí ó wà lókè wa. Ẹ̀kẹta, ó gégùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà, kí ìpín rẹ̀ kí ó wà pẹ̀lú Dátánì àti Ábírámù tí ilẹ̀ la ẹnu gbé mì, kí ó sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Júdásì. Lẹ́yìn èyí, kí ó san ìtánràn 100 ìwọ̀n wúrà. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò dúró lórí ọwọ́ títẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí í gbọ́ tí í sì í rí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń fi ilẹ̀ léni lọ́wọ́ nígbà náà ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí ó mọ̀wé kò pọ̀, nítorí náà ìwé nìkan kò tó. Ẹni tí ń fúnni yóò bu ebè ilẹ̀ náà, tàbí kí ó mú ọ̀bẹ tàbí ẹ̀ka igi, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹlẹ́rìí yóò dúró, a óò kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ní Normandy, wọ́n tilẹ̀ máa ń mú àwọn ọmọdékùnrin wá síbi tí ọ̀ràn náà ti ń ṣẹlẹ̀, wọn a sì gbá wọn létí gbòà! Kì í ṣe pé ọmọ náà ṣẹ̀. Wọ́n gbá a kí ó má bàa gbàgbé ọjọ́ náà, nítorí pé òun ni yóò pẹ́ jù láyé nínú gbogbo àwọn tí ó dúró níbẹ̀, tí yóò sì lè jẹ́rìí nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀; ó jọ pé òun náà ni a fi dá Normandy.

Síbẹ̀, èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ẹbí. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, láàrin nǹkan bí 1050 sí 1150, bí ọkùnrin kan bá fẹ́ fi ilẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe kí ó dá a ṣe. Aya rẹ̀ yóò wí pé òun fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wí bẹ́ẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti àwọn ìbátan mìíràn pẹ̀lú. Ní èdè Látìnì ni wọ́n ń pè é ní laudatio parentum, èyí tí í ṣe ìfọwọ́sí àwọn ìbátan. Àwọn mọ́ńkì a sì máa fún àwọn tí ó fọwọ́ sí i ní ẹ̀bùn, owó, ẹṣin, tàbí ẹran ọ̀sìn, kí inú wọn lè tutù. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen White, kọ odidi ìwé lórí àṣà yìí ní 1988.

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn wí pé níní ilẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ àṣà àwọn tí kò tí ì là lójú. Wọ́n ní ẹni tí ó bá lajú, òun nìkan ni í dá ilẹ̀ ní, òun nìkan ni í sì í dá a tà. Ṣùgbọ́n àpótí àwọn baba ńlá tiwọn fúnra wọn ń jẹ́rìí sí i pé àwọn pẹ̀lú ti jẹ́ ọmọ ẹbí rí. Ní 1912, níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Elési ti Òdógbolú wí ohun tí gbogbo ayé ti ń tún sọ láti ìgbà náà: pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tí ì bí kò sì lóǹkà. Nígbà tí ìjọba sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921 ni ìdájọ́ jáde láti ẹnu Haldane pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn, pé ìjọba kò sì lè gbà á bí ẹni pé owó orí ilẹ̀ lásán ni ẹ̀tọ́ Olóyè. Bí ó bá ṣe pé àwọn agbẹjọ́rò ọjọ́ náà ti ṣí àpótí àwọn mọ́ńkì ni, wọn ì bá rí àwọn ẹlẹ́rìí púpọ̀ sí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Cluny. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Barbara Rosenwein, ka àwọn ìwé wọ̀nyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1049, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1989. Ó rí ohun kan tí ó dà bí àìtọ́. Ilẹ̀ kan náà a máa farahàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Baba fi tọrẹ. Ọmọ wá jà sí i. Àwọn mọ́ńkì dá a padà tàbí wọ́n fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ tún fi í tọrẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ń ka ìwé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò yóò wí pé olè ni àwọn wọ̀nyí, tàbí aláìmọ̀kan. Obìnrin náà kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ìbárẹ́ ń dúró. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ fún Pétérù Mímọ́ di aládùúgbò Pétérù. Oko rẹ̀ fi ara kan oko Àpósítélì. Bí a bá sì parí ìjà, a ti sọ ìbátan náà di ọ̀tun. Ǹjẹ́ èyí kò yé wa? Àlejò tí a fún ní oko, tí ń mú iṣu àti obì wá lọ́dọọdún, kì í ṣe oníbàárà wa lásán. Ó ti di ẹni wa.

Ọ̀nà ìyálò kan sì wà láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní precaria. Ẹnì kan yóò fi oko rẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì. Àwọn mọ́ńkì yóò sì dá oko náà padà fún un láti máa jẹ èrè rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, nígbà mìíràn títí ọjọ́ ikú ọmọ rẹ̀, kí ó sáà máa san ohun díẹ̀ lọ́dọọdún, bí owó fàdákà mélòó kan tàbí ìda oyin fún àtùpà. Ṣé ẹ rí ibi tí ewu wà? Níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà ń san ohun díẹ̀ yìí, gbogbo ayé mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí sísan náà bá dẹ́kun fún ogún ọdún, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì kú, ẹni tí ó yá a lò yóò di onílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn mọ́ńkì Cluny fi bẹ̀rẹ̀ sí da ìwé wọn kọ sínú ìwé ńlá ní ọ̀rúndún kọkànlá, kí ohun tí ó wà lórí awọ kéékèèké má bàa sọnù.

Ọgbọ́n mìíràn ni ti ìwé alábala méjì. Wọ́n a kọ àdéhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí awọ kan ṣoṣo, wọ́n a kọ ọ̀rọ̀ ńlá kan sí àárín, wọ́n a sì fi ọ̀bẹ gé àárín ọ̀rọ̀ náà kọ́lọkọ̀lọ bí eyín ayùn. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò mú ìlàjì tirẹ̀ lọ. Bí ìjà bá dé, a óò kó méjèèjì jọ. Bí eyín wọn bá bá ara mu, òtítọ́ ni. Bí kò bá bá ara mu, ayédèrú ti wọ̀ ọ́.

Ayédèrú sì pọ̀ láàrin wọn, kí n má tan yín jẹ. Àwọn mọ́ńkì mìíràn tí ìwé wọn sọnù jókòó, wọ́n kọ òmíràn, wọ́n sì fi orúkọ ọba tí ó ti kú sí i. Ní 1675 ni Daniel Papebroch, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ nínú ìwé àtijọ́ àwọn mọ́ńkì kò ṣeé gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn mọ́ńkì Benedict. Ṣùgbọ́n Jean Mabillon, ọ̀kan nínú wọn, kò fi èébú dá a lóhùn. Ó lo ọdún mẹ́fà, ó yẹ awọ wò, ó yẹ tàdáwà wò, ó yẹ bí a ti ń kọ lẹ́tà ní ayé ọba kọ̀ọ̀kan wò, èdìdì, ọjọ́, àti àwọn ẹlẹ́rìí. Ní 1681 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó fi ọ̀nà hàn tí a fi ń dá òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́. Papebroch kà á, ó sì kọ̀wé sí i tinútinú pé òun gbà, pé òun ti kọ́gbọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti jókòó ka ẹsẹ̀ òtítọ́.

Ilẹ̀ tí ó wọ ọwọ́ àwọn ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ kì í sábà jáde mọ́. Ènìyàn a máa kú, ogún a sì máa pín; ṣùgbọ́n ilé mọ́ńkì kì í kú, kì í gbéyàwó, kì í pín ogún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pe èyí ní ọwọ́ òkú, nítorí ohun tí òkú bá dì mú, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Edward Kìíní, ọba wọn, ṣe òfin ní 1279 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilẹ̀ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ń lọ́rọ̀ sí i ni ojú ń wọ̀ ọ́. Henry Kẹjọ tú gbogbo wọn ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1536 sí 1540. Ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, 1789, ni ìgbìmọ̀ ìlú gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ilẹ̀ ìjọ. Ní oṣù Kejì 1790 ni wọ́n fòpin sí ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ilé ìsìn Cluny, tí ó ti jẹ́ èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ayé Kristẹni kí a tó tún ti Pétérù Mímọ́ kọ́ ní Róòmù, ni wọ́n tà ní 1798 fún àwọn tí ó wó o tí wọ́n sì ta òkúta rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kù dúró lónìí.

Nínú ìdàrúdàpọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìwé ṣègbé. Ṣùgbọ́n ìyókù wà nínú Ilé Ìkàwé Ńlá ní Paris, ìwé Dúùkù William sì wà lára wọn. Auguste Bernard àti Alexandre Bruel kó wọn jọ. Láàrin 1876 àti 1903 ni wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní apá mẹ́fà, ìwé tí ó lé ní 5,000. Àwọn mọ́ńkì lọ, ilẹ̀ lọ, ègún Dúùkù kò dá àwọn ọlọ̀tẹ̀ dúró, ìwé ni ó kù. Bí mo bá ń rò ó, n kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n káàánú. Ìwé tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn mọ́ ti di ìtàn. Ènìyàn tí kò sì ní ìwé, tí a bá dé ilé ẹjọ́, ohùn rẹ̀ a máa di aáwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wálé wàyí. Kí a tó bí mi ni ẹbí ìyá mi ti fi ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn odi ìlú lé ìjọ kan lọ́wọ́ láti kọ́ ilé-ìwé. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí kò sí ìjọ tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ilé-ìwé náà dàgbà, ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ ní àwọn ọdún 1970, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí ẹbí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ilé-ìwé náà ti padà sọ́wọ́ ìjọ, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ dé ni àwọn ọ̀dọ́ ilé wa mú àdá jáde.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n pè mí: ìjọ, nítorí pé mo jẹ́ àlùfáà, ẹbí, nítorí pé mo jẹ́ ọmọ obìnrin ilé náà. Ìjọ mú ìwé kan jáde, ojú ewé kan ṣoṣo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtẹ̀ka mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wí pé ilẹ̀ náà wà fún iṣẹ́ ilé-ìwé. Kò wí pé a tà á, kò wí pé a fi tọrẹ, kò wí pé a yá a lò. Ìwé tiwa ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́ nínú àpótí. Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe, kò sí ohun tí a rí mú kúrò níbẹ̀ bí kò ṣe ariwo.

Ní ìpàdé kẹrin ni ìyá arúgbó kan, ọmọ ilé wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí a jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọdé, ní àsìkò iṣu titun, olùkọ́ àgbà ilé-ìwé náà a máa wá sọ́dọ̀ Baálé pẹ̀lú obì, orógbó àti àpò iyọ̀ kan. Òun ni wọ́n ń rán láti gba igbá náà lọ́wọ́ olùkọ́, awẹ́ obì kìíní sì ni owó iṣẹ́ òun. Ó ní, "Mo ṣì ń ránti bí ó ti korò lẹ́nu mi." Gbogbo ilé dákẹ́. Àlùfáà ìjọ náà, olódodo ènìyàn, lọ sí ẹ̀yìn, ó sì gbé ìwé ìṣírò owó àtijọ́ wá. Lọ́dọọdún ni a rí i níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo: ohun tí a rà fún Baálé. Ọdún tí ìjọba gba ilé-ìwé ni ìlà náà dópin.

Ẹ̀yin Ìjòyè, nígbà náà ni ọkàn mi lọ sí awọ tí àwọn mọ́ńkì gé kọ́lọkọ̀lọ. Ìlàjì kan wà lórí ìwé, ìlàjì kejì wà lórí ahọ́n arúgbó. A kó wọn jọ, eyín wọn sì bá ara mu. A yá wọn lò ni. A kò lé ìjọ kúrò. Ilé-ìwé dúró, a pín owó iwájú títì láàrin ìjọ àti ẹbí, a sì kọ ìwé titun ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn tán, ṣùgbọ́n àdá padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá náà ti sùn báyìí. Bí ó bá ṣe pé ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjà yìí dé, ta ni à bá bi?

Nítorí náà ni mo ṣe ní ìmọ̀ràn mẹ́rin fún Ẹgbẹ́ yìí. Èkíní: kí olúkúlùkù Baálé àti Olórí Ẹbí tí ó fi ilẹ̀ lé ìjọ, ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa, ní ọ̀rọ̀ kan tí kò lójú méjì: títà, ìtọrẹ, tàbí ìyálò, bí ó bá sì jẹ́ ìyálò, fún ọdún mélòó. Èkejì: kí a má ṣe kọ ọ́ láìsí àwọn obìnrin ilé níbẹ̀, láìsí àwọn tí ń dáko lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ ránti Ava, ẹ sì ránti àwọn tí a kà mọ́ ọlọ. Ẹ̀kẹta: kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gba ilẹ̀, ọ̀kan ní ààfin. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ Gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí. Ẹbí tí kò bá ní ohun tí yóò mú jáde yóò máa sọ ìtàn lẹ́yìn odi. Ẹ̀kẹrin: ẹ mú àwọn ọmọdé dání lọ sí ààlà. Ẹ fi igi pèrègún hàn wọ́n, ẹ fi odò hàn wọ́n. N kò ní kí ẹ gbá wọn létí bí ti àwọn ará Normandy. Awẹ́ obì kan tó.

Sí àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà, ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀. Ìjọ náà jẹ́ ọwọ́ tí kì í kú. Bí a bá ní ìwé àtijọ́ nínú àpótí wa, kí a mú un jáde kí a tó bi wá, kódà bí yóò bá jẹ́rìí takò wá. Àlùfáà tí ó gbé ìwé ìṣírò owó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà wàásù ju bí mo ti wàásù rí lọ.

Kí Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí ilẹ̀ àwọn baba wa di ohun tí a ó máa fi àdá wá. Kí ó fún àwọn àgbà wa ní ẹ̀mí gígùn, kí ó sì fún àwa ní etí láti gbọ́ ohun tí wọ́n ránti kí ilẹ̀ tó ṣú.